Ẹni Tó Ń To Ògiri

Orúkọ mi ò sí nínú ìwé ètò.
Wọ́n kọ orúkọ ẹṣin, wọ́n kọ ti ìyá ẹṣin,
wọ́n kọ ti olówó tó rà á tí kò gùn ún rí.
Èmi Fergal Tuohy, ọmọ alágbẹ̀dẹ
tó ń kan irin mọ́ pátákò ẹṣin ní Loughrea,
ògiri ni mò ń tò.

Ògiri pupa bíi bíríkì, tí kì í ṣe bíríkì.
Pákó ni, inú rẹ̀ ṣófo, ó fúyẹ́ bí irọ́.
Bí pátákò bá kàn án, a wó,
nítorí kò yẹ kí ẹṣin kú torí àtẹ́wọ́.

Bàbá bàbá mi ní òkúta gidi ni tẹ́lẹ̀,
òkúta inú oko, ìgbín ṣì lẹ̀ mọ́ òmíràn.
Àgbẹ̀ á gun ẹṣin tó fi túlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé
wá sí Dublin lọ́jọ́ Ẹtì,
á fò, á gba ife, á tún gùn ún padà sílé
torí ọ̀dùnkún ń bẹ nínú ebè.
Bẹ́ẹ̀ ló wí. Bàbá bàbá mi a máa fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ìyá ìyá mi, Gobnait,
mọ ẹṣin í gùn ju àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ.
Wọ́n ní obìnrin kì í wọ pápá.
Ó jókòó lórí àga pákó, ó wọ ìbọ̀wọ́,
ó fi orúnkún méjèèjì há afẹ́fẹ́ mọ́ra.
Ẹni tó jókòó tì í rò pé òtútù ló ń mú un.

Àwọn ọdún kan wà tí kò sí eré.
Ogun kó ẹṣin. Wọ́n wọn gíga wọn, wọ́n fi irin gbígbóná sàmì sí wọn,
ọkọ̀ ojú omi gbé wọn kọjá.
Mẹ́tàdínlógún lọ láti àdúgbò wa.
Mo mọ iye tó bọ̀.
Mi ò ní í sọ ọ́ níbi táwọn ọmọdé wà.

Lónìí, òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá.
Àwọn ẹṣin kékeré ti kọjá: ìrù dídì,
omijé, rìbọ́ọ̀nù.
Ẹṣin ọdẹ ti kọjá, adájọ́ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀
bí ẹni ń yẹ iṣu wò lórí àtẹ.
Àwọn ológun ìlú òkèèrè ti kí àsíá wọn.
Ilẹ̀ ṣú. Ó ku ògiri.

Ó ku ẹṣin méjì náà:
akọ dúdú kan tí owó rẹ̀ lè ra òpópónà wa,
àti abo aláwọ̀ eérú, Drúcht,
èyí tó túmọ̀ sí ìrì. Sorcha Geraghty ló gùn ún,
ọmọ tó fún wàrà màlúù kó tó wọkọ̀ wá.

Wọ́n ní kí n fi pákó kan kún un.
Ògiri ga jù mí lọ. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀,
mi ò rí pápá mọ́.

Dúdú fò. Pákó mẹ́ta já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi,
ẹni tó gùn ún sì tẹ̀ lé pákó.
Wọ́n ní ẹṣin kì í dáni ká má tún un gùn.
Ẹni tó pa òwe yẹn ò rí egungun ìhà ọmọkùnrin náà.
Mo tò ó padà.

Gbogbo èèyàn wá dákẹ́.
Ilẹ̀ ń bá àtẹ́lẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀,
gìrì, gìrì, gìrì,
ó ṣíwọ́.

Ikùn funfun kọjá lókè orí mi.
Ẹ̀kán òógùn kan kán sí mi níwájú orí.
Pákó òkè pátápátá mì.
Òfin ò gbà kí n fọwọ́ kàn án.
Ó mì, ó rò ó,
ó jókòó.

Nígbà tí ariwo ta, mo wo ara mi:
orúnkún mi méjèèjì ti há afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Wọ́n pe orúkọ ẹṣin, wọ́n pe ti ìyá ẹṣin.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí tú ògiri, láti òkè wá.
Òjò tún ti ń ṣú níhà etíkun.